Odò Wà Lábẹ́ Títì Tẹ́ Ẹ Ń Rìn: Ìbéèrè Yín Lórí Omi London

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Lóṣù tó kọjá mo kàn mẹ́nu bà á níbí pé bí Sátidé bá ti dé, odò kan tàbí òmíràn ni mo máa ń fẹsẹ̀ tẹ̀ lé ní London, bí lẹ́tà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé nìyẹn, àwọn kan ní irọ́ ni, àwọn kan ní ká jọ lọ. Gbogbo ẹ̀ ò lè wọ ojú ewé yìí, mo mú márùn-ún.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń gbé ní Peckham, Thames nìkan lodò tí mo mọ̀. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ wa wá ń sọ pé odò pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀ London, pé ṣe ni wọ́n bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá sì jẹ́ òótọ́, báwo lèèyàn ṣe fẹ́ fẹsẹ̀ tẹ̀ lé odò tí ò rí? – Ọmọ Peckham

ÈSÌ: Òótọ́ pọ́ńbélé ni, àbúrò. Ká má tiẹ̀ tíì kúrò ní àdúgbò ẹ, wọ Peckham Rye Park lọ́la, rìn lọ síbi tí igi ti pọ̀, wàá rí odò tóóró kan tó ń ṣàn jẹ́jẹ́, Peck lorúkọ ẹ̀. Ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù lójú ilẹ̀ nìyẹn, ìyókù ti wọ páìpù lọ. Èmi náà ti gba ibẹ̀ kọjá àìmọye ìgbà tí mo rò pé omi tí wọ́n fi ṣe páàkì lọ́ṣọ̀ọ́ lásán ni.

Ìdí tí wọ́n fi bò wọ́n rọrùn láti mọ̀. Èrò ń pọ̀ sí i, ẹ̀gbin ilé ìpẹran, omi àwọn tó ń ṣe awọ, ìgbẹ́, gbogbo ẹ̀ inú odò ni wọ́n ń dà á sí, bẹ́ẹ̀ lodò di gọ́tà, nígbà tí òórùn ẹ̀ ò wá ṣeé fara dà mọ́ wọ́n mọ bíríkì lé e lórí. Nígbà ooru ọdún 1858, Thames fúnra ẹ̀ rùn débi pé àwọn aṣòfin ò lè jókòó dáadáa nínú ilé ìgbìmọ̀ tó wà létí odò yẹn, ìgbà yẹn ni wọ́n tó fún ẹnjiníà Joseph Bazalgette lówó kó ṣe gọ́tà ńlá sábẹ́ gbogbo ìlú, púpọ̀ nínú omi àwọn odò kéékèèké yìí ló sì ń gba inú gọ́tà yẹn lọ títí dòní. Ṣùgbọ́n wọn ò kú o. Wọ́n ṣì ń ṣàn, bí mo ṣe ń kọ èyí.

Fleet ni kóo fi bẹ̀rẹ̀. Òun ló tóbi jù nínú àwọn tí wọ́n bò, òun náà ló rọrùn jù láti tẹ̀ lé. Wọ bàtà tó bá ẹ lẹ́sẹ̀ mu, lọ sí Hampstead Heath láàárọ̀. Àwọn adágún tóo máa bá níbẹ̀, Hampstead Ponds àti Highgate Ponds, omi Fleet ni wọ́n sé tó fi di adágún nígbà tí wọ́n ń wá omi mímu fún ìlú. Wò ó dáadáa, torí tóo bá ti kúrò níbẹ̀, abẹ́ ilẹ̀ ló kàn. Ẹ̀ka méjì ni, wọ́n pàdé nítòsí Camden Town, ó gba ẹ̀gbẹ́ St Pancras Old Church, ó gba King's Cross, ó gba Farringdon, ó lọ já sínú Thames lábẹ́ Blackfriars Bridge. Bíi máìlì 4 sí 5 ni, ìdajì ọjọ́ tó o tóo bá ń dúró wo nǹkan, mo sì bẹ̀ ẹ́, máa dúró.

Tóo bá dé Ray Street ní Clerkenwell, irin onihò kan wà lójú títì níwájú ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní Coach. Wo ọ̀tún wo òsì kó má lọ jẹ́ pé mọ́tò ń bọ̀, kóo wá bẹ̀rẹ̀, kóo dẹtí. Omi tóo ń gbọ́ yẹn, Fleet ni. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àárọ̀ ọjọ́ Sunday ni, òjò ti rọ̀ mọ́jú, gbogbo àdúgbò dákẹ́, omi yẹn wá ń ya ṣọ̀ọ̀ nísàlẹ̀ bíi pé odò ńlá ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, òun náà kúkú ni, mo dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan fi bi mí bóyá nǹkan mi ló já bọ́ síbẹ̀. Mo ní kó bẹ̀rẹ̀ kó gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní ọdún mọ́kànlá lòun ti ń gba ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ibi tí ò sí irin onihò ńkọ́? Ẹsẹ̀ ẹ ló máa sọ fún ẹ. Omi kì í gun òkè, torí náà tóo bá dé oríta, wo ọ̀nà tó ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, tí òkè wá wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àárín yẹn lodò gbà. Dúró lórí Holborn Viaduct, afárá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1869, wo ìsàlẹ̀, mọ́tò lo máa rí tó ń lọ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n bi ara ẹ pé kí ni wọ́n ń fi irú afárá ńlá báyẹn ṣe láàárín ìlú níbi tí omi ò sí? Àfonífojì Fleet nìyẹn. Láàárín 1730 sí 1770 ni wọ́n bo apá ìsàlẹ̀ odò náà, àmọ́ wọn ò lè bo àfonífojì, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń gòkè ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ìyà níbẹ̀ títí wọ́n fi ṣe afárá yẹn.

Orúkọ àdúgbò náà ń sọ̀rọ̀. "Bourne" nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, odò kékeré ni, òun lo rí nínú Westbourne, nínú Holborn, nínú Kilburn. Turnmill Street, ọlọ tí omi ń yí ló wà níbẹ̀ nígbà kan. Fleet Street, kò lè yé ẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Títì tó bá sì wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láàárín àwọn tó tọ́ gbọnrangandan, fura sí i: Marylebone Lane ń wọ́ báyẹn torí pé etí odò Tyburn ló ń gbà. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni Westbourne. Odò yẹn ni wọ́n sé ní 1730 tó di adágún Serpentine inú Hyde Park, tóo bá wá lọ sí stéṣọ̀n Sloane Square, gbójú sókè nígbà tóo bá ń dúró de ọkọ̀ ojú irin, páìpù irin gbàgbàrà kan wà tó dábùú òkè orí ẹ, inú ẹ̀ ni odò Westbourne ń gbà kọjá. Odò lókè orí èèyàn! Ọ̀pọ̀ tó ń gba ibẹ̀ lójoojúmọ́ rò pé páìpù lásán ni.

Kóo tó jáde, wọ wẹ́ẹ́bùsáìtì National Library of Scotland, máàpù àtijọ́ wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tóo lè fi lé orí máàpù òní, tóo bá ń fà á síwá sẹ́yìn wàá rí odò tó ń yọjú lábẹ́ títì. Mo ti pàdánù oorun sórí ẹ̀ dáadáa.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú làákàyè o. Ọmọ mẹ́ta ni mo ní, èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìsinmi iléèwé ti fẹ́ dé, owó ò sí lọ́wọ́, mo sì fẹ́ kí wọ́n jáde. Fáúntéènì wo ni ọmọ lè wọ̀ ní London tí wọn ò ní lé wa? – Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

ÈSÌ: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú wọn. Granary Square, lẹ́yìn stéṣọ̀n King's Cross, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó wọn lọ. Ihò omi 1,080 ló wà nínú ilẹ̀ níbẹ̀, omi á kàn máa ta sókè látinú ilẹ̀, á ga, á wálẹ̀, á yí pa dà, àwọn ọmọdé á máa sá wọ inú ẹ̀, wọ́n á máa pariwo, ẹnì kankan ò ní lé yín, ohun tí wọ́n ṣe é fún gan-an nìyẹn. Kánáàlì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ o, torí náà ẹ má gbójú kúrò lára èyí tó kéré jù. Somerset House náà ní tiẹ̀ nínú àgbàlá wọn, 55 ni ihò omi tibẹ̀, ìgbà ooru nìkan ni ẹ lọ. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ àti táwẹ́ẹ̀lì, ẹ mú méjì-méjì.

Fáúntéènì tí wọ́n fi ń rántí Princess Diana nínú Hyde Park, èyí tí wọ́n ṣí ní 2004, ọ̀tọ̀ ni. Òkúta Cornwall 545 ni wọ́n fi ṣe é, kò ta sókè rárá, ilẹ̀ ló ń gbà bí odò: omi á bẹ̀rẹ̀ láti òkè, á pín sọ́nà méjì, ọ̀kan á máa fò gbúngbùn-gbúngbùn lórí òkúta, èkejì á rọra máa lọ, wọ́n á wá pàdé nísàlẹ̀ nínú adágún tó dákẹ́. Ẹ lè jókòó sétí ẹ̀ kẹ́ ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rìn nínú ẹ̀, òkúta yẹn máa ń yọ̀. Ti Trafalgar Square, ẹ wò ó, ẹ ya fọ́tò, kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó wọ̀ ọ́.

Àwọn ọmọ tó bá ti dàgbà díẹ̀, ẹ mú wọn rìn lọ wo omi tí kò ta sókè rárá. Ní Broadwick Street, Soho, ẹ̀rọ ìfamisókè kan dúró síbẹ̀, àwòkọ́ṣe èyí àtijọ́ ni. Lọ́dún 1854, kọ́lẹ́rà ń pa èèyàn bí ẹní gbá ilẹ̀ ládùúgbò yẹn, gbogbo ayé rò pé afẹ́fẹ́ tó rùn ló fà á, dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow wá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kọ ibi tí wọ́n ti ń kú sílẹ̀, ó rí i pé omi ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n ń mu, ó ní kí wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò, wọ́n sì yọ ọ́. Ẹsẹ̀ lòun náà fi rìn tó fi mọ̀. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní 1859, wọ́n ṣí fáúntéènì omi mímu ọ̀fẹ́ àkọ́kọ́ ní London, ó ṣì wà lára ògiri ìjọ St Sepulchre ní Holborn Viaduct, ife onírin méjì ń bẹ lára ẹ̀ tí wọ́n fi ṣéènì so, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kéèyàn dá ife pa dà. Ẹgbẹ́ tó ṣe é tún ń gbé ọpọ́n òkúta gígùn sétí títì fún ẹṣin àti màlúù láti mumi, òdòdó ló pọ̀ nínú wọn báyìí. Ẹ ní kí àwọn ọmọ máa kà wọ́n bẹ́ ẹ ṣe ń lọ, ẹ máa rí i pé wọn ò ní sọ fún yín pé ó ti rẹ àwọn.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, mo ń ka ìwé yín déédéé. Ẹni ọdún 68 ni mí, orúnkún ń yọ mí lẹ́nu, dókítà ní kí n máa rìn ṣùgbọ́n kí n má gun òkè. Ṣé etí omi kankan wà tó máa bá mi lára mu? – Màmá Orúnkún

ÈSÌ: Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹsẹ̀ yín á lókun o. Kánáàlì ni tiyín, mà, mi ò sì kàn fẹnu sọ ọ́, iṣẹ́ tí wọ́n fi la kánáàlì ló jẹ́ bẹ́ẹ̀: omi inú ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró pẹrẹsẹ kí ọkọ̀ tó lè rìn, torí náà ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà létí ẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Ibi tí ilẹ̀ bá ti fẹ́ lọ sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́ọ̀kì sí, ìyẹn yàrá omi tó ní géètì igi níwájú àti lẹ́yìn, ọkọ̀ á wọlé, wọ́n á ti géètì, wọ́n á jẹ́ kí omi fà tàbí kó kún, ọkọ̀ á sì bọ́ sísàlẹ̀ tàbí kó gòkè láìsí wàhálà. Níbi lọ́ọ̀kì àti níbi tọ́nẹ́ẹ̀lì tí ò ní ọ̀nà ẹsẹ̀ lẹ máa ti rí gẹ̀rẹ́ díẹ̀.

Regent's Canal ni kẹ́ ẹ mú. Ó gùn tó máìlì 8.6 láti Little Venice dé Limehouse, ọdún 1820 ni wọ́n parí ẹ̀, àmọ́ ẹ má gbìyànjú gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láti Little Venice dé Camden tó, bíi máìlì méjì àbọ̀, àmọ́ tọ́nẹ́ẹ̀lì Maida Hill tó wà nítòsí Little Venice ò ní ọ̀nà ẹsẹ̀, ojú títì lẹ máa gbà níbẹ̀. Ẹ máa gba ẹ̀gbẹ́ Regent's Park, ẹ máa gba àárín ọgbà ẹranko kọjá. Kẹ́ ẹ tó dé ọgbà ẹranko yẹn, afárá kan wà tó dúró lórí òpó irin, Macclesfield Bridge, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró níbẹ̀ kẹ́ ẹ fọwọ́ pa òpó yẹn. Lóṣù kẹwàá ọdún 1874, ọkọ̀ tó kó ẹ̀tù ìbọn bú gbàmù lábẹ́ ẹ̀, afárá wó, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kú. Òpó irin yẹn ò bàjẹ́. Nígbà tí wọ́n ń tún afárá kọ́, wọ́n yí àwọn òpó náà sí òdìkejì. Báwo la ṣe mọ̀? Ẹṣin ló ń fa ọkọ̀ nígbà yẹn, okùn tí wọ́n fi ń fà á ti há irin náà wọnú, ojú ibi tó há wà ní ẹ̀gbẹ́ kan òpó látìgbà tó ti wà kó tó bú, ó tún wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì látìgbà tí wọ́n yí i. Okùn lásán ló gé irin báyẹn, mà, ẹ máa fi ìka yín mọ̀ ọ́n. Mo máa ń mú gbogbo ẹni tó bá bá mi rìn lọ síbẹ̀.

Ẹ tún máa rí ibi tí wọ́n ti ṣe gẹ̀rẹ́ òkúta wọnú omi. Nígbà tí rélùwéè dé, ariwo ọkọ̀ ojú irin ń dẹ́rù ba àwọn ẹṣin, wọ́n ń já sínú kánáàlì, gẹ̀rẹ́ yẹn ni wọ́n fi ń rìn jáde.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Islington lọ́jọ́ mìíràn, ẹ rántí pé tọ́nẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ náà ò ní ọ̀nà ẹsẹ̀, orí òkè lẹ máa gbà, torí náà ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ ná. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ ń sáré lórí ọ̀nà náà gan-an, ẹ rìn lápá kan, òwúrọ̀ Sunday ni ó dákẹ́ jù. Nígbà òjò, ilẹ̀ abẹ́ afárá máa ń yọ̀, ẹ mú ọ̀pá yín dání.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, èmi àti ọ̀rẹ́ mi rí i lórí TikTok pé àwọn èèyàn ń rí owó àtijọ́ àti pín-ìn-nì létí Thames nígbà tí omi bá fà. A fẹ́ lọ lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Àmọ̀ràn? – Àwa Méjì

ÈSÌ: Ẹ má lọ lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Iyanrìn létí Thames kì í ṣe ilẹ̀ tí ò lólówó, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wá nǹkan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Port of London Authority, àjọ tó ń bójú tó odò náà, bó tiẹ̀ jẹ́ ojú lásán lẹ fi ń wá a láìgbẹ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní ìwé àṣẹ, ohun tó bá ti lé ní 300 ọdún tẹ́ ẹ bá rí, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi han àwọn Portable Antiquities Scheme, àwọn tó ń kọ ohun àtijọ́ tí ará ìlú bá rí sílẹ̀.

Ìkejì ló ń ká mi lára jù. Òkun ló ń ti Thames yẹn wọlé, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ló ń kún tó ń fà, ní London Bridge omi lè fi nǹkan bíi mítà 7 ga ju bó ṣe wà nígbà tó fà, ìyẹn ga ju ilé alájà méjì lọ. Kò sì ní fi ariwo kìlọ̀ fún yín. Lọ́jọ́ kan tí mo sọ̀ kalẹ̀ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó ní ìwé àṣẹ, ìdí mi ni mo kọ sí omi, mò ń wo òkúta, nígbà tí mo máa yíjú pa dà, omi ti gba àárín èmi àti àtẹ̀gùn tí mo bá sọ̀ kalẹ̀, mo fi omi tó dé orúnkún rìn jáde, ẹrẹ̀ ń fa bàtà mi, àyà mi ń já gan-an. Mi ò fẹ́ kó ṣẹlẹ̀ sí yín. Ẹ wo àkókò tí omi máa fà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kí omi tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa dà ni kẹ́ ẹ ti gòkè, ẹ mọ àtẹ̀gùn méjì ó kéré tán, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ìtọ̀ èkúté wà nínú omi yẹn, ó sì lè fa àìsàn tó le.

Ní báyìí ná, ẹ máa gba òkè rìn. Ní Victoria Embankment, orí kìnnìún idẹ wà lára ògiri odò, òrùka wà lẹ́nu wọn, àwọn ará ìlú máa ń sọ pé tí kìnnìún bá ti ń mumi, London máa rì. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ ohun tó ju ìyẹn lọ, ẹ lọ sí Greenwich, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sínú tọ́nẹ́ẹ̀lì ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n ṣí lọ́dún 1902, mítà 370 ni, ẹ máa fẹsẹ̀ yín rìn kọjá lábẹ́ Thames, ọ̀fẹ́ ni, òjò ò pa yín, omi ò kàn yín.

ÌBÉÈRÈ: Mo rí "New River" lára pátákó kan ní apá àríwá London. Ṣé odò tuntun ni? – Oníbéèrè Kúkurú

ÈSÌ: Kì í ṣe odò, kì í sì í ṣe tuntun. Èèyàn ló gbẹ́ ẹ, Hugh Myddelton ló darí iṣẹ́ náà, ọdún 1613 ni omi dé, láti orísun ní Hertfordshire wá sí Islington kí ará ìlú lè rí omi tó mọ́ mu. Kò sí ẹ̀rọ kankan nínú ẹ̀ nígbà yẹn, ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọ́n ń tẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ òkè kí omi lè máa rọra sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń wọ́ kiri báyẹn. Omi ẹ̀ ṣì wà lára ohun tí London ń mu lónìí. Ọ̀nà ẹsẹ̀ etí ẹ̀ tó máìlì 28, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ wákàtí kan lo ní, lọ sí New River Walk ní Canonbury, pẹ́pẹ́yẹ wà níbẹ̀, àga ìjókòó wà, omi sì wà nítòsí débi pé tóo bá na ọwọ́ wàá kàn án.